Ẹ̀rí Ẹnu Ẹni: Bí Àwọn Àgbà Ìjọ Wa Ti Ń Sọ Ohun Tí Olúwa Ṣe Fún Wọn



Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ohun tí a sáábà máa ń kà ni orúkọ àwọn tí ó kọ́ ilé Ọlọ́run, iye owó tí a ná sí òrùlé, ọjọ́ tí a gbé agogo sókè, àti àwòrán àwọn àlùfáà tí ó ti ṣiṣẹ́ láàrin wa. Gbogbo rẹ̀ ni ó dára, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé òkúta kan lé orí èkejì fún ilé Ọlọ́run ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun kan ti wà nílẹ̀ tí a fi ṣe ìpìlẹ̀. Ohun náà ni ẹ̀rí, èyí nì ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nípa ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un. Nípa rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ̀wé, nítorí mo rí i pé a ṣì ń sọ ẹ̀rí nínú ìjọ wa, ṣùgbọ́n irú èyí tí a ń sọ ti yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó ṣáájú wa.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni ẹ̀rí í ṣe. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, bí ọ̀ràn bá dé iwájú àwọn àgbà agbolé, a kì í wo bí ẹlẹ́rìí ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ tó. A ó bi í pé níbo ni ó dúró sí, ta ni ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ni ojú rẹ̀ rí. Bí ó bá wí pé òun gbọ́ ọ ni, a ó ní kí ó lọ pe ẹni tí ó rí i wá, nítorí ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ṣe. Ó sọ ẹ̀rí tirẹ̀ fún àwọn Júù ní Jerúsálẹ́mù, ó sì tún un sọ níwájú Àgírípà ọba, àti ní ìgbà méjèèjì, kí ó tó dé ibi ìmọ́lẹ̀ tí ó rí ní ọ̀nà Damásíkù, ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé òun ni ó ń mú àwọn onígbàgbọ́ lọ sí túbú. Kò bo ìtìjú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ògo baà lè wà.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1837, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí í ṣe olùkọ́ ní Fourah Bay, ní ilẹ̀ Sierra Leone tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, kọ lẹ́tà kan sí Àlùfáà William Jowett, akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, láti fi ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà mú òun dé Sàró hàn án. Samuel Àjàyí Crowther ni. Ní ìgbà náà kò tí ì di àlùfáà, ká má tilẹ̀ sọ ti bíṣọ́ọ̀bù. Mo ti ka lẹ́tà yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èmi kò sì mọ ẹ̀rí mìíràn tí ọmọ Yorùbá kọ ní àkókò náà tí ó tó o.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlú rẹ̀, Òṣóògùn. Ó sọ pé odi yí ìlú náà ká, àti pé ẹnubodè mẹ́fà ni ó ní. Ó sọ pé òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821 ni, nígbà tí àwọn obìnrin ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ni ìró ogun dé. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé láti sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sí ojú ìjà. Ìgbà ìkẹyìn tí ọmọ náà fi ojú kan bàbá rẹ̀ nìyẹn. Nígbà náà ni a mú òun àti ìyá rẹ̀, àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan nínú wọn ṣì wà ní ọmọ ọwọ́, àti ọmọ ìbátan wọn kan. A ju okùn sí wọn lọ́rùn, a sì so wọ́n pọ̀ bí ẹni so ewúrẹ́. Kò fi ẹni tí ó ṣe é pamọ́. Ó sọ pé àwọn Fúlàní wà nínú wọn, àwọn Mùsùlùmí ará Ọ̀yọ́ pẹ̀lú, àti àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́wọ́ olówó wọn. Àwọn tí èdè wọn bá tirẹ̀ dọ́gba wà nínú àwọn tí ó kó o lẹ́rú, kò sì gbójú fo ọ̀rọ̀ náà.

A fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn, a dá a padà, a sì tún tà á. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ó ń lọ, tí ọtí àti tábà sì jẹ́ ara ohun tí a fi ra ọmọ ènìyàn. Níhìn-ín ni ó jẹ́wọ́ ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá fi pamọ́ títí dé ibojì. Ẹ̀rù bà á pé a ó tà á fún àwọn Pọtogí, ó sì pinnu ní òru láti fi ọ̀já ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn kí ó kú, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ ni ẹni tí ó kọ èyí, lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ̀wé sí ni iṣẹ́ rẹ̀ sì wà. Kò sí ẹni tí ó fi agbára mú un láti kọ ọ́. Ó kọ ọ́ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Ní Èkó ni a ti kó o sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Pọtogí tí a ń pè ní Esperanza Felix. Ní ọjọ́ 7 oṣù Épírì, ọdún 1822, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ náà. A kó Àjàyí àti àwọn kan sínú èyí tí ń jẹ́ Myrmidon, ẹ̀rù sì tún bà wọ́n ju ti ìṣáájú lọ, nítorí wọ́n rí ẹran tí a fi kọ́, wọ́n rò pé ẹran ara ènìyàn ni, wọ́n sì rí àwọn ọta àgbá nílẹ̀, wọ́n rò pé orí àwọn ènìyàn tí a ti pa ni. Nígbà tí ó súnmọ́ ọn ni ó rí i pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ènìyàn kò lè ka ibẹ̀ kí ó má rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì sún mọ́ ẹkún. Ní ọjọ́ 17 oṣù Júùnù ni wọ́n gúnlẹ̀ ní Sàró.

Wàyí o, ẹnì kan lè máa dúró de ibi tí yóò ti sọ bí ó ṣe di onígbàgbọ́. Nínú lẹ́tà gígùn yìí, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ni ó lò fún un. Ó sọ pé lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta tí a dá òun sílẹ̀ ni òun tó mọ̀ pé òun ṣì wà nínú oko ẹrú mìíràn tí ó burú ju ti ìṣáájú lọ, ti ẹ̀ṣẹ̀ àti ti èṣù, àti pé Olúwa ni ó ṣí ọkàn òun. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Dìsẹ́ḿbà, ọdún 1825. Ó parí. Ìlú tí ó run, àti bàbá, àti ìyá, àti àwọn àbúrò, ni ó gba ìyókù ìwé náà. Àwọn kan lè wí pé ẹ̀rí tí ó pé kọ́ nìyẹn. Èrò tèmi ni pé Crowther mọ̀ pé ẹni tí yóò sọ ti ìdásílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí a mọ ìwọ̀n okùn tí ó wà lọ́rùn òun.

Kì í ṣe òun nìkan. Joseph Wright, ọmọ Ẹ̀gbá, tí í ṣe ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Sàró, kọ tirẹ̀ ní ọdún 1839, nípa ogun tí ó tú ilẹ̀ Ẹ̀gbá ká. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò kọ nǹkan kan ni ó pọ̀ jù. Láti ọdún 1839 ni àwọn tí a dá sílẹ̀ ní Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí padà wá sí Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta. Ẹ fi ojú inú wò ó: ẹni tí a ti sunkún rẹ̀, tí a ti pín ohun ìní rẹ̀, wọ inú agbolé, ó sì pe ìyá rẹ̀ ní orúkọ. Ìwàásù wo ni ó tó èyí? Kí Henry Townsend tó dé Abẹ́òkúta ní oṣù Jánúárì, ọdún 1843, àwọn ará Sàró ti wà níbẹ̀, wọ́n sì ti ń ròyìn ibi tí wọ́n ti bọ̀. Nígbà tí Townsend lọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa, Andrew Wilhelm, ni ó dúró síbẹ̀ láti máa kọ́ni. Bí a bá ń ka orúkọ àwọn òyìnbó tí ó mú Ìhìnrere wá, ẹ̀tọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn tí ó ti oko ẹrú bọ̀ ni ó la ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn.

Crowther, ẹni tí a ti fi jẹ àlùfáà ní ọdún 1843, dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú Townsend ní ọjọ́ 3 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ọdún 1846. Kò ju ọjọ́ 18 lọ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù kan náà, ìyá rẹ̀ dé. Afala ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 25 ni wọn kò ti rí ara wọn, ìyá náà sì ti jìyà oko ẹrú pẹ̀lú. Ọmọ náà kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí ó ti wàásù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ní èdè Yorùbá, kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ fún ìyá rẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta, Afala sì wà nínú àwọn tí a ṣe é fún. Hánà ni orúkọ tí a fún un. Nínú Ìwé Mímọ́, Hánà ni ó mú Sámúẹ́lì wá sí ilé Olúwa. Ní Abẹ́òkúta, Sámúẹ́lì ni ó mú Hánà wá.

Ẹ̀rí kò pẹ́ di ohun tí ń ná ni ní nǹkan. Ní oṣù Ọkitóbà, ọdún 1849, inúnibíni dé bá àwọn onígbàgbọ́ ní àwọn àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta. A mú wọn, a nà wọ́n, a kan àbà mọ́ ẹsẹ̀ wọn, a sì ní kí wọ́n padà sí ẹ̀sìn àwọn baba wọn. Kì í ṣe ìkórìíra lásán ni ó fà á. Àwọn onígbàgbọ́ kò tún bá wọn ṣe àwọn ètùtù ìsìnkú àti ti òrìṣà mọ́, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n ń tú okùn tí ó so ìdílé pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó àti ọlá sì wà nínú ètùtù náà fún àwọn tí ń ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó jìyà náà ni John Baptist Dàsálù. Kò sẹ́.

Ìtàn Dàsálù kò parí níbẹ̀. Nígbà tí ogun Dáhómì kọlu Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Mááṣì, ọdún 1851, tí Ọlọ́run sì fi ìṣẹ́gun fún àwọn Ẹ̀gbá, wọ́n mú un lọ ní ìgbèkùn. Gbogbo ìlú ń dúpẹ́ ìṣẹ́gun nígbà tí òun wà nínú ìdè. Láti Dáhómì ni a ti tà á sí òkè òkun, sí Kúbà, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá wà lóko ìrèké. A wá a títí a fi rí i, a sì dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1856 ó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá bí ó ti ń padà bọ̀ wá sí ilé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nìyí: ọdún 1849 ni ó jẹ́rìí nínú àbà, ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìgbèkùn sì dé bá a. Bí ẹ̀rí bá jẹ́ ohun tí a fi ń ra ìfọ̀kànbalẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Dàsálù ì bá wí pé a rẹ́ òun jẹ.

Ẹ̀yin ará, mo ní láti sọ ohun tí ó wà ní ọkàn mi. Nínú ìjọ tí a ti tọ́ mi dàgbà, ní ọjọ́ ìdúpẹ́, ẹni tí ó ra ọkọ̀ máa ń jáde, ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò máa ń jáde, ẹni tí ó ti inú àìsàn dìde máa ń jáde. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Nínú adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá tí a wẹ̀ mọ́, Olúwa béèrè àwọn mẹ́sàn-án tí kò padà wá dúpẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn tí ó sin ọmọ mẹ́ta, tí kò sì pa ìsìn jẹ fún ogójì ọdún. N kò rí i rí kí ó jáde. Mo bi í léèrè nígbà kan, ó sì dáhùn pé, “Ọmọ mi, èmi kò ní ẹ̀rí.” Ọ̀rọ̀ náà kò tí ì kúrò ní etí mi.

Ẹgbẹ́ C.M.S. ní àṣà kan tí ó ṣe wá ní àǹfààní púpọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, òyìnbó àti ọmọ ilẹ̀, ní láti máa kọ ìwé ìròyìn iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ àwọn ìwé wọ̀nyí wà ní ìpamọ́ ní Yunifásítì Bámíńhámù lónìí. Ẹni tí ó bá kà wọ́n yóò bá ìyá arúgbó pàdé níbẹ̀, àti ẹrú, àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí ọkọ rẹ̀ lé jáde nítorí ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó kọ ọ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni jù. Ohun tí ó wu akọ̀wé ni ó dúró, ohun tí kò wù ú ti lọ.

Ọ̀ràn kan tún kù tí àwa ọmọ Ìjọ Áńgílíkà kì í fẹ́ sọ púpọ̀. Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ńlá nì jà káàkiri ayé, àwọn kan nínú ìjọ St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí péjọ láti gbàdúrà. J. B. Ṣàdáre ni olórí wọn. Sophia Ọdúnlámì, ọ̀dọ́mọbìnrin tí í ṣe olùkọ́, jáde ó sì jẹ́rìí pé nínú àìsàn òun, òun gbọ́ ohùn kan tí ó ṣèlérí ìwòsàn. Àwọn ènìyàn gbà á gbọ́, a sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a pè ní Òkúta Iyebíye. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ oògùn sílẹ̀, wọ́n sì kọ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, èyí tí Ìjọ wa kò lè gbà, ní ọdún 1922 wọ́n sì jáde kúrò láàrin wa. Nínú wọn ni ọ̀kan nínú gbòǹgbò Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi ti hù.

Ní ti ẹ̀kọ́, mo rò pé àwọn alàgbà wa kò ṣìnà, nítorí ọmọ ọwọ́ pẹ̀lú jẹ́ ti Olúwa, oògùn sì jẹ́ ẹ̀bùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́rìí nínú ìgbà ikú, tí pósí ń jáde láti ilé dé ilé, ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ẹnu tí a fi òfin nìkan dáhùn. Ìjọ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ẹrú tí a dá sílẹ̀ kò mọ ohun tí yóò fi ẹ̀rí ọmọbìnrin kan ṣe. Bóyá bí a bá ti jókòó tì í, bí Crowther ti jókòó ti ìyá rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, a kì bá ti yapa. Bóyá a ó sì tún yapa síbẹ̀. Èyí kò sí lọ́wọ́ mi láti pinnu.

Inú mi dùn pé nínú ètò ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ti gbà láti lọ bá àwọn àgbà ní ilé wọn, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ ní èdè Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ó ti ti ẹnu wọn jáde, àti ti ẹni tí ó rí ohun tí ó tọrọ, àti ti ẹni tí kò rí i. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n béèrè ohun tí àwọn àgbà agbolé máa ń béèrè: níbo ni ẹ dúró sí, ta ni ó wà níbẹ̀, kí ni ojú yín rí. Mo sì ti sọ fún wọn ilé tí obìnrin ìjókòó ẹ̀yìn nì ń gbé.

Hánà Afala kú ní ọdún 1883. Ó ti rí ìparun Òṣóògùn, ó ti jẹ́ ẹrú, ó ti rí ọmọ rẹ̀ tí ó sọnù, ó sì pẹ́ láyé tó láti rí i pé a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Júùnù, ọdún 1864. Ohun tí a mọ̀ nípa omijé rẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì nì, láti ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ni ó ti wá. Ohun tí ojú òun fúnra rẹ̀ rí fún ọdún 25 náà, a kò rí ẹni tí ó jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀.